Bí A Ṣe Ń Pa Àgọ́ Orin àti Ijó Ìbílẹ̀ fún Àgbàlagbà ní Èkìtì

Bí ẹ bá fẹ́ kí orin ìlú yín má parun, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọdé. Àgbàlagbà ni kí ẹ kó jọ. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kí ló dé tí àgọ́ tí a ń pa ní Òkè-Ìmẹ̀sí lóṣù kẹjọ kì í gba ọmọ ilé-ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á kọ́ orin lónìí, á gbàgbé rẹ̀ kí oṣù tó parí bí kò bá gbọ́ ọ nílé. Ẹni ogójì ọdún, ẹni àádọ́ta ọdún, òun ló ń sọmọ lórúkọ, òun ló ń fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, òun ló ń sin òbí. Ọwọ́ rẹ̀ ni ayẹyẹ wà. Bí kò bá mọ orin tí wọ́n ń kọ níbi òkú àgbà nílùú rẹ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni yóò háyà, orin Èkó ni wọn yóò sì fi sin ìyá Èkìtì.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, orin ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ìyá arúgbó ni mo ti kọ́ èyí tó dára jù nínú ohun tí mo mọ̀, lórí àpótí, nídìí ààrò. Bí a ṣe ń ṣètò àgọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, kí ẹlòmíràn ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀tùn, tàbí ní Ìkẹ́rẹ́ lè ṣe ti ìlú tirẹ̀.

Ìgbà àti ibi

Oṣù kẹjọ ló dára jù. Ilé-ìwé ti gba ọlidé, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ lè gbàyè, àgbẹ̀ ti ya àgbàdo, iṣu tuntun ti ń wọ ọjà. Òjò náà máa ń dẹwọ́ díẹ̀ lásìkò yẹn kí ti oṣù kẹsàn-án tó dé. Kì í ṣe pé kì í rọ̀ rárá. Ó máa ń ṣe wínníwínní láàárọ̀, ojú ọjọ́ á tutù, oòrùn kì í mú. Ẹni ọgọ́ta ọdún lè jó fún wákàtí kan ààbọ̀ nínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó má rẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ dán an wò lóṣù kẹta, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ bèèrè àwọn ọdún ìbílẹ̀ tó wà níwájú. Oṣù kẹjọ ni Adó ń ṣe Ùdírókò. Bí onílù yín bá jẹ́ ọmọ Adó, kò sí owó tí ẹ fẹ́ fún un tí yóò fi wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìlú ló tún ń ṣe ọdún iṣu lásìkò kan náà, àwọn àgbà kan kì í sì í fi iṣu tuntun kan ẹnu kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ bèèrè láàfin. Wọ́n á sọ ọjọ́ fún yín, wọ́n á tún sọ ọjọ́ tí a kì í lùlù nílùú.

Ọjọ́ Ajé ni kí àwọn èèyàn wọlé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí wọ́n tú ká. Àwọn kan máa ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe é ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, mi ò sì gbà. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìtìjú ni àgbàlagbà ń bá jà. Ó ń wo ẹni tó ń wò ó. Ọjọ́ kẹta ni ara máa ń tú, ọjọ́ kẹrin ni orin máa ń wọlé sínú èèyàn. Ẹni tó lọ sílé lọ́jọ́ kejì, ìtìjú ló gbé lọ.

Ilé-ìwé tó ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ ó wá. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn tó ń mójú tó o ní Adó láti oṣù kẹta, nítorí ìwé ìjọba kì í yára. Ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín. Ẹ já omi kànga wò, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́, ẹ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kan. Ohun tí mo máa ń wò jù ni ilẹ̀ tí a ó jó lórí rẹ̀. Gbọ̀ngàn onísìmẹ́ǹtì dára fún òjò, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kì í ṣàánú orúnkún. Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ abẹ́ igi, tí wọ́n gbá mọ́, tí wọ́n ti ṣa òkúta rẹ̀, lórí rẹ̀ ni kí ijó ti wáyé. Ẹ ta tapólì sókè nítorí òjò. Ẹ fi gbọ̀ngàn sílẹ̀ fún orin àti fún alẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kí ọba. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Ọwá Oòyè ni. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ má sì fi fóònù ránṣẹ́ sí ààfin bí ẹni ń ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọba bá ti mọ̀, gbogbo ìlú ti mọ̀, ìyá tó mọ orin tí ẹ ń wá kiri á sì rán ọmọ sí yín fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn Amọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá náà mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó ń ti Èkó, Ìbàdàn tàbí Àbújá bọ̀ pé kí wọ́n ti wọ ìlú kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Èmi kì í gba àwáwí lórí èyí. Ẹni tí ọjọ́ bá lọ bá lójú ọ̀nà, kí ó sùn sí Adó tàbí Iléṣà, kí ó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn olùkọ́ gan-an

Àwọn tí yóò kọ́ àwọn èèyàn yín ti wà nílùú tipẹ́. Wọn kò ní ìwé ẹ̀rí, orúkọ wọn kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi òkú àgbà ni mo ti máa ń rí wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí àwọn onígìtá bá ti palẹ̀ mọ́, ẹ dúró. Ẹ ó rí ìyá kan tí yóò lé orin láìdìde lórí àga, àwọn obìnrin ìyókù á sì yí ojú sí i. Ẹ bèèrè ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í.

Ẹ má wá ohùn tó dùn jù. Ẹni tó mọ ẹsẹ kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni kí ẹ wá, nítorí ẹsẹ àkọ́kọ́ ni gbogbo ìlú mọ̀. Kí ó sì jẹ́ ẹni tí kò lè fara da ègbè tó ṣì. Bí ẹ bá jókòó tì í tí ẹ gbe orin rẹ̀ tì, tó sì dá orin náà dúró, tó ní, "Rárá, kì í ṣe báun, ẹ tún un gbe," ẹ ti rí olùkọ́.

Ìyá méjì tó mọ orin ìyàwó, orin ọmọ tuntun àti orin òkú àgbà ni kí ẹ ní, ó kéré tán. Bí ẹ bá lè rí ẹni tó mọ alámọ̀, ewì tí a ń fi ohùn orin ké, ẹ má jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ yín. Àwọn obìnrin Èkìtì ló ni alámọ̀, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n dáadáa kò pọ̀ mọ́. Ẹ wá bàbá àgbẹ̀ kan fún orin iṣẹ́ oko. Ẹ wá ẹni kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ijó, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Ní ti ìlù, ìdílé àyàn ni kí ẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ohun tí ẹ bá máa san fún ọ̀jọ̀gbọ́n láti wá sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn yunifásítì, òun ni kí ẹ san fún ìyá tó mọ orin láti ìgbà èwe rẹ̀ láìwo ìwé. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó tí a bá gbà lọ́wọ́ àwọn tó wá sí àgọ́, ti àwọn àgbà àti onílù ni. Mo máa ń yà á sọ́tọ̀ kí n tó ra iṣu. Ẹ san án lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, lé ìyá náà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, nínú àpòòwé, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Ẹ má fi rán ọmọ rẹ̀. Ẹ má sọ pé, "Màmá, a ó fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín."

Mọ́tò ni kí ẹ fi gbé e, kì í ṣe ọ̀kadà. Àga tó ní ẹ̀yìn ni kí ó jókòó lé. Kí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nítòsí rẹ̀ nítorí ọ̀fun. Wákàtí kan ààbọ̀ lóòjọ́ ti tó o, kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kò tíì rẹ òun. Kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tẹ̀lé e wá, kí ọmọ náà sì jẹun. Ọmọ yẹn nìkan ni ọmọdé tí àgọ́ wa ń gbà, mo sì ti rí i pé àwọn ọmọ tó kàn jókòó ti ìyá ìyá wọn bẹ́ẹ̀ máa ń mọ orin ju àwọn tí a sanwó lé lórí.

Àwọn tó ń bọ̀ wá kọ́

Ẹ má gbà ju ọgbọ̀n lọ. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ìyá kò ní lè gbọ́ ẹni tó ń gbe ègbè ṣì, ẹni tó tijú á sì rí ẹ̀yìn ẹlòmíràn sá pamọ́ sí. Ẹ rí i dájú pé ọkùnrin wà níbẹ̀ dáadáa. Obìnrin ló máa ń kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, ọkùnrin á sì máa sọ pé òun kàn fẹ́ gbé ìyàwó òun wá. Ẹ gbà á wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ègbè tí kò ní ohùn ọkùnrin nísàlẹ̀ kì í kún.

Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé àwọn kò lóhùn. Ẹ má jiyàn. Ẹ sọ fún wọn pé ègbè ni wọ́n ń bọ̀ wá gbe, ègbè kò sì béèrè ohùn.

Nínú lẹ́tà tí ẹ ó kọ sí wọn, ẹ sọ pé kí wọ́n mú ìró àti bùbá méjì tó fúyẹ́ tó ṣe é fọ̀, tàbí bùbá àti sòkòtò. Kí wọ́n mú ẹní, aṣọ ìbora, àwọ̀n ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, àti oògùn tí wọ́n ń lò. Bàtà ijó kò sí níbẹ̀. Ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan níkọ̀kọ̀, kì í ṣe níwájú èrò: ṣé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Orúnkún? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera wá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun wá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga, agogo ni kí ẹ fún un kí ó máa lù ní ìjókòó. Iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe ìtànjẹ, nítorí bí agogo bá yẹsẹ̀, gbogbo ìlù á yẹsẹ̀.

Èyí tó tún yẹ kí ó wà nínú lẹ́tà náà ni irú orin tí ẹ ó kọ. Kristẹni àti Mùsùlùmí ló ń wá sí àgọ́ wa, àwọn kan sì máa ń bẹ̀rù pé orin òrìṣà ni wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn. Ẹ sọ ọ́ gbangba: orin ìyàwó, orin ọmọ, orin iṣẹ́, orin àlọ́, orin òkú àgbà, alámọ̀. Bí orin ọdún bá wà, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹni tí kò bá fẹ́ lè rìn lọ mu omi nígbà yẹn láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè. Orin awo kò sí lára ohun tí a ń kọ́. Bí ìyá tàbí bàbá kan bá sọ pé, "Èyí kì í ṣe fún ìta," ẹ má béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ọjọ́ ṣe ń lọ

Láàárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Agogo mẹ́sàn-án ni orin bẹ̀rẹ̀, agogo mọ́kànlá ni ijó. Bí ó bá di agogo kan, gbogbo èèyàn bọ́ sí ìdí odó.

Odó yìí, kíláàsì kan ni. A kì í gba alásè láti gún iyán wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alásè wà tó ń se ọbẹ̀. Àwọn tó wá sí àgọ́ ló ń gún un, ẹni mẹ́ta sí odó kan, ọmọ odó mẹ́ta. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tó yẹ kí ó sọ ọmọ odó rẹ̀ sílẹ̀, ti ẹlòmíràn á gbá tirẹ̀. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí bàbá àgbẹ̀ tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìyá lé orin síbẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, àwọn tí wọ́n ti ń ṣì ẹsẹ̀ gbé láti àárọ̀ á ti máa gún un ní ìdọ́gba, wọ́n á sì máa gbe orin lọ. Mo ti rí ọ̀gá báńkì kan tí ojú rẹ̀ ń dán bí epo nídìí odó yìí, tí kò fẹ́ gbé ọmọ odó fún ẹni tó kàn.

Iṣu ńlá méjì tó èèyàn márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ àkọ́yọ iṣu tuntun, omi pọ̀ nínú rẹ̀, iyán rẹ̀ máa ń rọ̀. Ẹ wá èyí tó ti gbó díẹ̀, tàbí kí ẹ po iṣu ọdún tó kọjá mọ́ ọn bí ẹ bá ṣì rí i rà. Ọbẹ̀ ìṣápá tó ní ẹ̀gúsí ni kí alásè sè ní ọjọ́ kan ó kéré tán, nítorí àwọn ọmọ Èkìtì tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi máa ń bèèrè rẹ̀. Lẹ́yìn iyán, kí gbogbo èèyàn sùn. Ẹ má ṣe ètò kankan títí di agogo mẹ́rin. Agogo mẹ́rin ni ìlù. Alẹ́, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ tútù, lẹ́yìn náà àlọ́.

Kíkọ́ orin

Ègbè ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá ló ń lé, gbogbo èèyàn ló ń gbe. Kò sí ìwé, kò sí bírò. Èyí máa ń ṣòro fún àwọn alákọ̀wé. Ìwé ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, wọ́n á sì ti fa ìwé yọ kí ìyá tó la ẹnu. Agbẹjọ́rò kan wà tó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ tó ń já ègbè láàárín ní gbogbo ìgbà. Ìyá tó ń kọ́ wa kò bá a wí. Ó dìde lórí àga rẹ̀, ó gba bírò náà, ó fi sínú irun ara rẹ̀, ó mú ọwọ́ ọkùnrin náà, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀, ó wá ń fi ìka méjì lu ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn bí orin ti ń lọ. Kò sọ̀rọ̀. Bí ó bá kan ègbè, á tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣíwọ́ lílu, ọwọ́ agbẹjọ́rò sì ń lu orúnkún ara rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ sì ń bọ́ sí ojú ègbè gẹ́lẹ́. Mo ti ń lo ọ̀nà yẹn fún gbogbo ẹni tí ègbè bá ń já mọ́ lọ́wọ́. Ẹ lò ó.

Ọjọ́ kẹta ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí wọ́n lé orin. Ẹ má fi orin àgbà dán ẹni tó ń bẹ̀rù wò. Ẹ fún wọn ní ègbè kúkúrú kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá lé e. Ẹnì kan á ní, "Ta ló jí fìlà mi o?", ìyókù á gbe e pé, "Ẹ bá wa wá a." Ẹlòmíràn á ní, "Òjò ò jẹ́ n sùn lánàá," wọ́n á tún gbe e bákan náà. Bí ẹ̀rín bá ti bẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rù ti lọ. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn àgbà wa ṣe ń ṣe é. Olórin tó mọ iṣẹ́ á fi orúkọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sínú orin àtijọ́, ègbè kò sì ní yí padà.

Ẹ má bá àwọn ìyá tún ohùn Èkìtì ṣe. Bí Màmá bá kọ "ulé", "ulé" ni kí ẹ kọ. Bí ó bá kọ "uṣu", bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn tó ti pẹ́ ní Èkó máa ń sọ ọ́ di ti inú ìwé láìmọ̀. Èdè wa ló ń darí orin wa: ibi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè, orin náà á gòkè níbẹ̀, ibi tó ti wálẹ̀, á wálẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò ọ̀rọ̀ kan, orin náà á wọ́, ìyá á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má sọ̀rọ̀ nítorí pé àlejò ni yín.

Ijó àti ìlù

Kí gbogbo èèyàn bọ́ bàtà. Ẹ dúró sẹ́yìn ẹni tó ń kọ́ni ní ijó, ẹ má dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá dojú kọ ọ́ á máa yí ọ̀tún sí òsì, á sì máa wo ojú rẹ̀ dípò gìgísẹ̀ rẹ̀. Láti ẹ̀yìn, gìgísẹ̀ ni kí ẹ máa wò, bí ó ṣe ń kan ilẹ̀ àti bí orúnkún ṣe ń tẹ̀ tẹ̀lé e. Orúnkún kò gbọ́dọ̀ le rárá, kì báà jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, kì báà jẹ́ ẹni àádọ́rin. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ nìkan ni. Bí ẹsẹ̀ bá ti dúró, èjìká á wá fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ló gbẹ̀yìn, ẹ má sì yára fi ọwọ́ kún un, nítorí ọwọ́ ni àgbàlagbà máa ń fi bo àṣìṣe ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ má ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ìlù ń sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí àyàn fi ẹnu sọ ohun tí ìlù rẹ̀ ń wí, kí gbogbo èèyàn máa wí i lẹ́nu bí wọ́n ti ń gbé ẹsẹ̀. Bí ó bá ti wà lẹ́nu, ẹsẹ̀ á bá a. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pa ẹnu mọ́, kí wọ́n máa wí i nínú.

Ìlù bẹ̀mbẹ́ kan, gángan méjì, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti tó fún àgọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìyáàlù pẹ̀lú ṣaworo rẹ̀, kí ó dúró de alẹ́ ìkẹyìn. Olórí ìṣòro ìlù lóṣù kẹjọ ni ọ̀rinrin. Awọ á dẹ̀, ohùn ìlù á sì kú. Ẹ má gbé ìlù sórí sìmẹ́ǹtì mọ́jú. Ẹ fi kọ́ ara ògiri, kí ẹ sì fún onílù láyè kí ó yá awọ bẹ̀mbẹ́ rẹ̀ nítòsí ààrò kí agogo mẹ́rin tó lù, kí ó má sì sún mọ́ iná jù, nítorí awọ tó bá gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ á ya. Onílù tó mọ iṣẹ́ kò nílò kí ẹ kọ́ ọ. Ohun tó nílò ni kí alásè má lé e kúrò nídìí iná.

Alẹ́, àti ọjọ́ Ìkọ̀gòsì

Lálẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ amúnáwá. Ẹ tan àtùpà, kí gbogbo èèyàn jókòó sórí ẹní, kí àlọ́ bẹ̀rẹ̀. Àlọ́ tó ní orin nínú nìkan ni kí ẹ pa. Ẹni tí kò ṣíwọ́ sísọ pé òun ti gbàgbé gbogbo orin èwe òun, bí ẹnì kan bá ti ké "Ààlọ́ o!", ẹnu rẹ̀ á ti dáhùn kí ó tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹkún tí mo ti rí ní àgọ́ wa, alẹ́ àlọ́ ni, nítorí pé àwọn èèyàn rántí ẹni tó kọ́kọ́ kọ orin yẹn fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún. Ẹ má sọ̀rọ̀ ìtùnú púpọ̀, ẹ kàn máa gbe ègbè lọ. Agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, kí gbogbo èèyàn lọ sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo ara ló ń dun èèyàn. Ẹ fagi lé ijó lọ́jọ́ náà, kí ẹ kó wọn lọ sí Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sàn wá pàdé ara wọn tí gbígbóná ṣì ń gbóná, tí tútù sì ń tutù. Kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi. Kí wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́. Inú mọ́tò ni orin ọjọ́ náà wà, ní àlọ àti ní àbọ̀, ìgbà yẹn ni ẹ ó sì mọ èyí tó ti wọ̀ wọ́n lára, nítorí kò sí ìyá tí yóò lé e fún wọn nínú mọ́tò. Ẹ kàn máa tẹ́tí sí ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu.

Gbígba ohùn sílẹ̀

Ẹ fi gbígba ohùn sílẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì. Bí fóònù bá ti jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí yóò fi ọkàn gbọ́ mọ́, á máa rò pé ó wà nínú fóònù. Ẹ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan lórí orin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba àṣẹ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí orin náà dé orí YouTube tàbí kí ó mọ láàárín àwọn tó wá sí àgọ́. Ìyá kan sọ fún mi pé inú òun dùn kí gbogbo ayé gbọ́ orin ìyàwó òun, ṣùgbọ́n èyí tí òun kọ fún ọkọ òun tó ti lọ, àwa tí a wà níbẹ̀ nìkan ni òun kọ ọ́ fún. Kò sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ẹ̀dà gbogbo orin tí ẹ gbà sílẹ̀ sórí káàdì, kí ẹ gbé e fún ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ àwọn ìyá, pẹ̀lú orúkọ ìyá náà, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbà á sílẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan náà ni àṣekágbá. Ẹ má pe olóṣèlú. Ẹ pe ààfin, ẹ pe ìdílé àwọn ìyá, ẹ pe àwọn ará àdúgbò tó ti ń gbọ́ ariwo yín láti ọjọ́ Ajé. Kí ó má kọjá wákàtí kan ààbọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wá sí àgọ́ gbọ́dọ̀ lé orin kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹsẹ kan ṣoṣo, kí àwọn ìyá sì jókòó síwájú kí wọ́n wá gbe tiwọn. Inú yóò dùn débi pé àwọn èèyàn á fẹ́ máa ná owó fún olórin. Òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 kò gba fífọ́n náírà síni lórí, nítorí náà ẹ gbé igbá kan síwájú àwọn ìyá, kí owó máa wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Tiwọn ni gbogbo ohun tó bá wà nínú igbá náà, kò sí lára owó iṣẹ́ tí ẹ ti san.

Kí wọ́n tó wọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dárúkọ ayẹyẹ kan tó ń bọ̀ nílé rẹ̀ kí ọdún tó parí, ìsọmọlórúkọ ni o, ìgbéyàwó ni o, kí ó sì sọ orin tí yóò lé níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pè é, ẹ ní kí ó kọ orin náà fún yín lórí fóònù. Lóṣù kejìlá, ẹ gbé iṣu lọ kí àwọn ìyá náà nílé, ẹ sọ ibi tí orin wọn ti dé fún wọn, kí ẹ sì bèèrè àwọn tí wọn kò tíì kọ́ yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ tó ń bọ̀.